Ṣé awo ni Bàbá wa ń ṣe ni? Ìdáhùn fún ọmọ tó bá ìwé àjèjì nínú yàrá bàbá rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bàbá wa ṣe iṣẹ́ tíṣà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Iléṣà, wọ́n kọ́ ọmọ ní Yorùbá àti Ìmọ̀ Bíbélì, wọ́n sì fẹ̀yìn tì ní ipò igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n papòdà lọ́dún tó kọjá lẹ́ni ọdún 84. Nígbà tí a ṣí yàrá kan tí wọ́n máa ń tì, ìwé ló kún ibẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Bíbélì àti ìwé orin pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n a tún bá Kùránì lédè Yorùbá, ìwé ẹsẹ Ifá, ìwé Lenin, olórí àwọn kọ́múníìsì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ìwé méjì ti Rosicrucian, ìyẹn ẹgbẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn òyìnbó kan, àti ìwé idán tí wọ́n ń pè ní Ìwé Mósè Kẹfà àti Ìkeje. A bá àpótí kan tí nótùbúùkù kún inú rẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n sì kọ síbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú káàdì láti ilẹ̀ òkèèrè. Mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá púùlù ni wọ́n ń ta. Àbúrò mi tó jẹ́ pásítọ̀ ní awo ni Bàbá ń ṣe, ó sì fẹ́ kí a sun gbogbo rẹ̀ kí ìrántí ọdún kan tó pé. Kí ni ẹrù yìí ń sọ nípa wọn, kí sì ni kí a fi í ṣe? Mo fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́."

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ sì kú ìrójú. Ọlọ́run yóò tọ́jú ẹ̀yìn tí Bàbá fi sílẹ̀. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì wo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáadáa. Bí ó ti yé mi, ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ni bóyá ẹni tí ẹ mọ̀ ní Bàbá, tó ń kó yín jọ fún àdúrà òwúrọ̀, ni ẹni náà tó ń wọ yàrá yẹn lálẹ́ tí yóò sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra, tàbí ẹlòmíràn ni. Ọ̀rọ̀ sísun ìwé tẹ̀lé e lẹ́yìn ni, ẹ kò sì lè dá a dáadáa bí ẹ kò bá tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ sun. Iṣẹ́ tí mo fi jẹun nìyí: ní ilé ìkàwé yunifásítì, èmi ni wọ́n máa ń rán lọ sí ilé olóògbé nígbà tí ẹbí bá fẹ́ fi ìwé ta wá lọ́rẹ, kí n yẹ ìwé náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Irú ìbẹ̀rù tí ẹ ń bẹ̀rù yìí, agbára káká ni mo fi wọ ilé tí n kò ti bá a.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ohun tó ta kókó. Àbúrò yín gbà pé ohun tí ènìyàn bá tò sórí pẹpẹ ìwé rẹ̀ ni ó gbà gbọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Bàbá yín jẹ́ Kírísítẹ́nì, mùsùlùmí, babaláwo, kọ́múníìsì àti Rosicrucian lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ gùn tó ohun tí yóò fi ṣe gbogbo ìyẹn pọ̀. Ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọ ilé pọ̀. Òmíràn wà tí a fi owó wa rà. Òmíràn wà tí ọ̀rẹ́ fi ta wá lọ́rẹ tí a kò sì ṣí rí. Òmíràn jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n tó ti kú. Òmíràn jẹ́ àyálò tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé. Ilé tíṣà tún ní ọ̀nà kan tí ilé ẹlòmíràn kò ní, ìyẹn ni ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ tó ń kà á lábẹ́ tábìlì nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Mo rí ìwé James Hadley Chase bíi méje ní ìsàlẹ̀ pẹpẹ nínú fọ́tò kejì, àwọn tí àwòrán obìnrin tí kò wọṣọ tó wà lójú wọn. Ẹ kò mẹ́nu bà á nínú lẹ́tà yín. Bóyá ojú ló tì yín. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, ìwé ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa débi pé ó sú àwọn ọ̀gá láti máa gbà á. Ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ wọn. Bí ẹ bá rí orúkọ ọmọ kan àti kíláàsì rẹ̀, ẹ ti mọ bí ó ṣe dé ibẹ̀. Bí ẹ bá sì rí orúkọ Bàbá, a jẹ́ pé wọ́n gbádùn ìtàn olè àti ọlọ́pàá bíi ti gbogbo ayé.

Kùránì kò yẹ kó dẹ́rù bà yín rárá, torí pé àlùfáà Kírísítẹ́nì kan, M. S. Cole, ló túmọ̀ Kùránì sí Yorùbá tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1906. Ti ẹsẹ Ifá náà kò yàtọ̀. Àwọn òjíṣẹ́ ìjọ bí E. M. Lijadu ti ń kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀ láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí àwọn tí wọ́n ń wàásù fún gbà gbọ́. Lẹ́yìn tí Wándé Abímbọ́lá tẹ apá kìíní Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, ó di ìwé tí ẹni tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá kò lè ṣe aláìní. Bàbá yín ń kọ́ ọmọ ní ewì alohùn. Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n fi kọ́ wọn?

Orúkọ ìwé kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí mo máa ń wò jù. Ohun tí ọwọ́ ti ṣe sí ìwé ni mo máa ń wò. Ìwé tí a ń lò lójoojúmọ́, igun ìsàlẹ̀ ojú ewé rẹ̀ á dúdú nítorí àtàǹpàkò, ẹ̀yìn rẹ̀ á sán, bí ẹ bá sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á ṣí sí ibi tí olówó rẹ̀ fẹ́ràn jù. Ẹ wo ohun tí wọ́n há sí àárín rẹ̀: ìwé ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú, rìsíìtì iná, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Èyí tó bá ní déètì nínú wọn yóò sọ ọdún tí wọ́n kà á dé ibẹ̀ fún yín. Ẹ wo bóyá pẹ́ńsù ni wọ́n fi sàmì tàbí bírò, kí ẹ sì wá ojú ewé tí àmì náà ti dáwọ́ dúró. Ibi tí ìwé wà náà ní ohun tó ń sọ. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó wà lẹ́yìn àpótí. Mo ti lọ sí ilé amòfin kan ní Ìbàdàn tí ìwé òfin olójú wúrà kún pálọ̀ rẹ̀ bámúbámú, kò sì sí ọ̀kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ sán nínú wọn. Ìwé tí bàbá náà kà gbó, tí ó fi okùn dì, jẹ́ ìwé kékeré kan lórí bí a ṣe ń sin ẹyẹlé. Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ léèrè, wọ́n ní àgò ẹyẹlé ni bàbá máa ń lọ jókòó tì nígbà tí ọ̀rọ̀ kóòtù bá ti sú u.

Ojú yẹn ni mo fi wo fọ́tò Ìwé Mósè yín. Orúkọ Bàbá wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú "1961" ní yíǹkì búlúù. Ìlà pẹ́ńsù wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ ní ojú ewé díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí mọ́. Ẹ yí ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹ ti ṣe nínú fọ́tò kìíní: ibi tí ọwọ́ dé ti pọ́n, ó sì tínrín, gbogbo ìyókù funfun. Ọ̀dọ́kùnrin tó lé díẹ̀ ní ogún ọdún ni wọ́n lọ́dún náà. Wọ́n ń ṣe tíṣà kékeré lọ́sàn-án, wọ́n sì ń fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ fún GCE lálẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìdìpọ̀ ìwé Rapid Results College tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pẹpẹ ti fi hàn. Ìwé Mósè yìí kò bá Mósè tan níbì kankan. Ní Stuttgart nílẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1849, tí wọ́n sì tẹ ti Gẹ̀ẹ́sì ní New York ní 1880. Àwọn oníṣòwò tí ń fi lẹ́tà tajà, bí L. W. de Laurence ti Chicago, ló ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kiri títí dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti Jamaica. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ni agbára, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, àti àṣeyọrí nínú ìdánwò. Ẹ wá wo ọ̀dọ́ kan tí ìyá rẹ̀ àgbà ì bá ti se ìsọ̀yè fún kó tó jókòó sídìí ìdánwò, tí ìjọ sì ti ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ìsọ̀yè mọ́. Ó rí ìwé tí orúkọ wòlíì inú Bíbélì wà lára rẹ̀, tó sì ṣèlérí iṣẹ́ kan náà. Mo gbà pé ìdánwò ló gbé ìwé yẹn wọlé, àti pé nígbà tí Bàbá rí i pé kò sí ohun gidi nínú rẹ̀, wọ́n pa á tì. Èrò mi nìyẹn. Ohun tí ìwé náà lè jẹ́rìí sí fúnra rẹ̀ ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, wọn kò sì kà á lọ jìnnà.

Ti Rosicrucian gba sùúrù. Ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí AMORC, tí H. Spencer Lewis dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1915, tí olú-ilé rẹ̀ sì wà ní San Jose ní California láti 1927, ní ìwé tí ẹnikẹ́ni lè fi owó rà, ó sì tún ní èyí tí wọ́n ń pè ní monograph, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́ nìkan nípasẹ̀ lẹ́tà, ní ìpele-ìpele, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bá ìwé pẹlẹbẹ onínọ́ńbà báyìí, tàbí rìsíìtì owó ẹgbẹ́, tàbí lẹ́tà tí wọ́n ti pe Bàbá ní "Frater", ìyẹn "arákùnrin", a jẹ́ pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ nígbà kan rí, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀ fún yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwé méjì tí mo rí nínú fọ́tò ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ìwé ọjà ni àwọn yẹn. Wọn kò sọ ju pé Bàbá fẹ́ mọ ohun tí ariwo dá lé lórí. Kódà bí ẹ bá rí ẹ̀rí pé wọ́n forúkọ sílẹ̀, ẹ rántí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà máa ń sọ pé ẹgbẹ́ àwọn kì í ṣe ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ ìjọ sì máa ń sọ pé àwọn kò gbà. Olùtọ́jú ìwé kò lè dá ẹjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a fi orí òkú dá a.

Ti yàrá títì, ẹ má kà á sí ẹ̀sùn. Ayálówó sàn ju ayáwèé lọ. Tíṣà tí kò bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìwé rẹ̀ kò ní ní ìwé mọ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ìdí nótùbúùkù wọ̀nyí, torí pé ibẹ̀ gan-an ni mo ti rí Bàbá yín. Ìlà kan tó hàn ketekete nínú fọ́tò kẹta lọ báyìí: "14/8/83, 2015, 31m, R. Moscow, 44343". Kì í ṣe awo, kì í sì í ṣe púùlù. Ẹni tó bá ti fi rédíò shortwave, irú èyí tó ń gbé ohùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá, ṣeré rí yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Déètì ló ṣáájú. 2015 tó tẹ̀lé e kì í ṣe ọdún, aago GMT ni, ìyẹn aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ lọ́dọ̀ wa. 31m ni abala tí wọ́n yí rédíò sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sójú rédíò àtijọ́ ní mítà. Nọ́ńbà márùn-ún tó wà lẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní SINPO, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì máa ń wà láàárín 1 àti 5. Èkíní ń sọ bí ohùn ṣe lágbára tó. Ìkejì ń sọ bóyá ilé iṣẹ́ rédíò mìíràn ń gorí rẹ̀. Ìkẹta ń sọ ti ariwo, irú èyí tí mànàmáná máa ń dá sílẹ̀ lásìkò òjò. Ìkẹrin ń sọ bóyá ohùn ń lọ ó ń bọ̀. Ìkarùn-ún ń sọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí lápapọ̀. Bí máàkì bá ṣe ga tó ni gbígbọ́ ṣe mọ́ tó, nítorí náà 44343 túmọ̀ sí pé ohùn lágbára, ẹni kankan kò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ariwo wà, ìgbọ́ alẹ́ ọjọ́ náà kàn mọ níwọ̀n. Ẹni tó bá kọ irú ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò, wọn yóò fi káàdì kan dá a lóhùn láti jẹ́rìí pé lóòótọ́ ni ó gbọ́ wọn. QSL ni wọ́n ń pe káàdì náà, òun sì ni káàdì ilẹ̀ òkèèrè tó kún inú àpótí yín. Nínú èyí tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ fún fọ́tò, mo rí ti Radio Moscow, ti Deutsche Welle ilẹ̀ Jámánì, tó ní ibùdó kan ní Kigali láti 1965 títí di 2015 kí ohùn wọn lè dé ọ̀dọ̀ wa dáadáa, ti HCJB ní Quito ní Ecuador, àti ti ELWA ní Monrovia. Ilé iṣẹ́ rédíò àwọn míṣọ́nnárì ni méjì tó kẹ́yìn; ti Quito bẹ̀rẹ̀ ní 1931, ti Monrovia ní 1954.

Ẹ wá mú káàdì wọ̀nyí, kí ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ìwé. Radio Moscow kì í fi káàdì nìkan ránṣẹ́. Ìwé àti kàlẹ́ńdà máa ń tẹ̀lé e, àwọn ìwé Progress Publishers ti Moscow sì pọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò míṣọ́nnárì ní tiwọn máa ń fi ìwé ìhìnrere àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ránṣẹ́ sí ẹni tó bá kọ̀wé sí wọn. Nítorí náà ó ṣeé ṣe dáadáa pé inú àpótí lẹ́tà kan náà ní pósí ọ́fíìsì Iléṣà ni Lenin àti ìwé ẹ̀kọ́ Bíbélì yẹn ti bá ara wọn pàdé kí wọ́n tó dé orí pẹpẹ kan náà. Bí àpò ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá ṣì wà, ẹ fi déètì òǹtẹ̀ ara rẹ̀ wé déètì inú nótùbúùkù. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti gé ibi tí sítáǹbù wà kúrò lára àwọn àpò ìwé náà, ẹ má wá ìtumọ̀ abàmì fún ìyẹn náà. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kó sítáǹbù jọ máa ń yọ irú tíṣà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

Èyí ni ìdí tí mo fi máa ń fi ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe nílé ṣáájú ìwé tó ní. Ogún ìwé ni ènìyàn lè rà lọ́jọ́ kan bí owó bá wà lọ́wọ́. Kò sí ibi tí a ti lè ra nótùbúùkù yẹn. Alaalẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ti kọ́ pé lálẹ́, abala 49m àti 31m ni ohùn ọ̀nà jíjìn máa ń gbà wọlé, àti pé lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn bá ti yí ipò òfuurufú òkè padà, 19m ni yóò wá wọn lọ. Ó mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ kọ aago sílẹ̀ láìfi kún un, torí pé ilé iṣẹ́ náà yóò fi wé ìwé tiwọn, bí kò bá sì bá a mu, kò ní rí káàdì gbà. Mo wo déètì àwọn ojú ewé tí ẹ yà. Ojú ewé ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, ọjọ́ tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Shagari, kún ju ti ọjọ́ mìíràn lọ: BBC, Voice of America, Deutsche Welle, Radio Moscow, wọ́n sì tún padà sí BBC. Nígbà tí rédíò ilé bá ń lu orin ológun, Bàbá yín ń bi ẹni mẹ́rin léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ojú ewé kan ní 1996, mo rí ìlà bíi mélòó kan tí déètì, aago àti máàkì wà lórí wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n fi àyè orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lófìfo. Ọdún yẹn ni Radio Kudirat ń sọ̀rọ̀ lórí shortwave lòdì sí ìjọba Abacha, gbígbọ́ ọ kì í sì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. N kò lè búra pé òun ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi odidi ọdún kọ orúkọ láìfo ọ̀kan, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó ní ọdún yẹn, ó ní ìdí.

Bí ẹ bá fi ojú yìí padà wo pẹpẹ ìwé, ohun kan náà ni yóò hàn sí yín. Ọkùnrin kan tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín ló ń gbé inú yàrá yẹn. Ó fẹ́ gbọ́ ti mùsùlùmí nínú Kùránì, ti babaláwo nínú ẹsẹ Ifá, ti kọ́múníìsì lẹ́nu Lenin, bí ó ti fẹ́ gbọ́ ti ìjọba ológun lẹ́nu ilé iṣẹ́ mẹ́rin. Èyí kò sọ pé kò ní ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Bíbélì mélòó ni wọ́n lò gbó nínú ilé náà? Ẹ lọ ka èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, kí ẹ sì wo ibi tó ń ṣí sí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìmọ̀ mi mọ. Ìwé kò lè sọ bóyá Bàbá gbàdúrà lọ́nà kan pàtó ní òru kan pàtó. Pẹpẹ ìwé ẹni ọdún 84 kò pé. Ìwé tí ikán jẹ, tí wọ́n yá ènìyàn, tàbí tí wọ́n fúnra wọn jù nù kò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi pamọ́ ní tòótọ́ sábà máa ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí ọjọ́ tó lọ, nítorí náà àìrí ohunkóhun pàápàá kì í ṣe ìdáláre tó pé. Fọ́tò mẹ́rin ni mo sì rí, n kò dé inú yàrá náà. Àwọn tó lè sọ èyí tó kù ṣì wà láyé: ìyá yín bí wọ́n bá wà, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń gba owó ìfẹ̀yìntì, àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan tó ṣeé ṣe kó ti bá wọn na wáyà eríàlì sórí igi máńgòrò rí. Ẹ bi wọ́n léèrè kí àwọn náà tó lọ.

Ní ti sísun, mo mọ ẹsẹ Bíbélì tí àbúrò yín yóò fà yọ, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19 ẹsẹ 19, níbi tí àwọn ará Éfésù ti sun ìwé idán tí owó rẹ̀ tó 50,000 fàdákà. Kí ẹ fi sùúrù ka ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó ni ìwé náà, tí wọ́n ti jẹ́wọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ló fi ọwọ́ ara wọn kó o wá; kò sí ẹni tó lọ sun ti bàbá rẹ̀ tó ti kú. Lọ́nà tiwa pẹ̀lú, ogún tí a kò tíì pín, gbogbo ọmọ ló ni ín, ọmọ kan kò sì lágbára láti dáná sun ún, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ dáwódù. Bí Bàbá bá kọ ìwé ìhágún, ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ìwé sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé àkọ́kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti gbogbo ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí, kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò lójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bí Ìwé Mósè nìkan bá jẹ́ ohun tí ọkàn àbúrò yín kò lè gbà nínú ilé, tí gbogbo yín sì fẹnu kò, ẹ jẹ́ kó mú un lọ. Ó dùn mí láti sọ pé kí a sun ìwé, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò ṣọ̀wọ́n, àlàáfíà ẹbí sì níye lórí. Àwọn nótùbúùkù àti káàdì ni kí ẹ má jẹ́ kí iná fi ojú kàn. Ìkan ṣoṣo ni wọ́n láyé.

Ẹ má retí pé ilé ìkàwé yunifásítì yóò gba gbogbo rẹ̀. Wọn kì í gba ìwé tí ikán ti wọ̀, wọn kì í sì í fẹ́ èyí tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Nínú irú yàrá báyìí, wọ́n lè mú ìwé Yorùbá àtijọ́ àti ìwé tí Bàbá fi ọwọ́ kọ, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí lè gba ìwé ìtàn àti atúmọ̀ èdè, àwọn tó ń ta ìwé àlòkù yóò sì ra púpọ̀ nínú èyí tó kù, ní owó tí yóò bí yín nínú. Títí ẹ ó fi pinnu, ẹ gbé wọn kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀ àti lára ògiri, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí wọn níbi tí oòrùn kò dé, ẹ má sì fi sẹ́lótéèpù lẹ ohun tó ya, nítorí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò mú kí ìwé náà pọ́n láìpẹ́. Bí ẹ bá sì bá ìwé tí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn láìwí nǹkan kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí ilé tíṣà tí mo wọ̀ tí n kò ti bá ọ̀kan, inú àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń dùn gan-an láti rí i.